Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Ilé Alájà 21 Tó Wó ní Ìkòyí

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ilé mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ pọ̀ sórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì pe gbogbo rẹ̀ ní 360 Degrees Towers. Ọ̀kan ló wó, méjì tó kù dúró. Fẹ́mi Osibona, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Fourscore Homes tó ni iṣẹ́ náà, wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn, ó sì kú síbẹ̀. Bíríkìlà kú, lébúrà kú, àwọn tó kàn yà wá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kú, agùnbánirọ̀ kan tó ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ níbẹ̀ náà kú. Èèyàn 15 ni wọ́n rí fà yọ láàyè. Òkú tí wọ́n gbé jáde lé ní 40. Ìròyìn kan á ní 42, òmíràn á ní 46. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn, a óò padà sórí ẹ̀.

L'Ékòó, bí ilé bá wó, àlàyé ti máa ń wà nílẹ̀ kí eruku tó rọlẹ̀. Wọ́n á ní onílé háwọ́, iyanrìn pọ̀ ju símẹ́ǹtì lọ, irin tín-ín-rín ni wọ́n lò, ilé ti gbó, àdúgbò yẹn gan-an ni kò dáa. Àlàyé báyìí máa ń tu èèyàn lára, torí ó ń fi ọkàn ẹni tó rówó kọ́ ilé tirẹ̀ balẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn án. Ìkòyí ò gba àlàyé yẹn. Fúláàtì tó kéré jù nínú ilé ọ̀hún, ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n ń pè é. Owó wà. Ẹnjiníà wà. Ìwé wà. Àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìkọ́lé wà, wọ́n sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Ilé náà wó síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọrùn jù. Àjà mélòó ni ìjọba fọwọ́ sí?

Wọn ò tíì wú òkú tán nígbà tí Gbọ́láhàn Òkì, ọ̀gá àgbà LASBCA, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní ìpínlẹ̀ Èkó, sọ fún àwọn oníròyìn pé àjà 15 ni àwọn fọwọ́ sí, pé ẹni tó ń kọ́lé ló lọ fi kún un. Kò pẹ́ sí i tí igbákejì gómìnà, Ọbáfẹ́mi Hamzat, fi bọ́ síta pé rárá o, àjà 21 ló wà nínú ìwé àṣẹ. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní kí Òkì lọ rọ́kún nílé ná.

Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Lójú tèmi, ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè tó tóbi jù níbẹ̀. Àjà ilé kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ọmọ iléèwé lè dúró lójú títì kó fi ìka kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bó bá jẹ́ 15 ni wọ́n fọwọ́ sí, a jẹ́ pé àjà mẹ́fà odindi gòkè lójú gbogbo ayé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn ló ní ọjọ́ tí wọ́n to irin rẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ kọnkéré wọlé pẹ̀lú ariwo, ọjọ́ tí wọ́n yọ pákó kúrò lábẹ́ dẹ́kì. Ìkòyí náà ni o, kì í ṣe inú igbó. Bó bá sì jẹ́ 21 ni, a jẹ́ pé ẹni tí ìjọba fi ṣọ́ ilé ò mọ ohun tó wà nínú fáìlì ilé tó ń ṣọ́. Èyí tó wù ká mú nínú méjèèjì, kò sí èyí tó dáa. Ká tiẹ̀ ní ilé náà ò wó rárá, kí ọ̀gá méjì nínú ìjọba kan náà má lè fẹnu kò lórí iye àjà rẹ̀ ti tó ohun tí a á torí ẹ̀ kígbe.

Bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀. Òfin ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010, pín iṣẹ́ náà sọ́nà méjì. Àjọ LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló ń lọ wo bí ilé ṣe ń gòkè. Èrò tó dáa ni, pé kí ẹni tó ń fọwọ́ síwèé má jẹ́ ẹni tí yóò tún máa ṣọ́ iṣẹ́. Àmọ́ fáìlì wá wà lọ́dọ̀ ẹni kìíní, ojú wà lọ́dọ̀ ẹni kejì. Bí wọ́n bá yí pílánì padà láàárín, tí ìwé ò sì rin ìrìn àjò kúrò ní ọ́fíìsì kan dé èkejì, olùṣọ́ yóò máa fi ìwé àná ṣọ́ ilé òní.

Ìwé mìíràn wà tó yẹ kó rin ìrìn àjò. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kejì ọdún 2020, ó ku nǹkan bí oṣù ogún kí ilé náà wó, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń ṣe ìṣirò agbára ilé ọ̀hún, Prowess Engineering, kọ̀wé sí oníbàárà wọn pé àwọn ò bá a ṣe mọ́. Wọ́n ní èrò àwọn àti tiẹ̀ lórí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ò dọ́gba. Wọ́n ní àwọn lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ilé méjì àkọ́kọ́, àti lórí ilé kẹta títí dé àjà kẹrin, bí kọnkéré tí wọ́n lò bá fi lè dé agbára tí àwọn ní kó dé. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹnjiníà kì í fi iṣẹ́ tó ń pa owó sílẹ̀ torí ìbínú lásán, kò sì ní fa ìlà sí àjà kan pàtó bí kò bá rí nǹkan kan tó ń bà á lẹ́rù. Kọnkéré kì í dé agbára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dà á. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń kà fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dà á, wọ́n á bu díẹ̀ sínú àpótí irin kékeré onígun mẹ́rin, wọ́n á jẹ́ kó le, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tẹ àwọn kan fọ́ lọ́jọ́ keje, àwọn yòókù lọ́jọ́ 28, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Ìpínlẹ̀ Èkó ní yàrá àyẹ̀wò tirẹ̀ tó wà fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Bí àbájáde kò bá tó ohun tí wọ́n ṣírò, ó yẹ kí iṣẹ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kọ́lé tà ti fọkàn sí ọjọ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa kó wọlé, gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá sì fi dúró, owó ló ń gbé lọ. Inú ìjà yẹn ni ẹnjiníà àti onílé máa ń wà lójoojúmọ́, ẹni tó ń sanwó ló sì sábà máa ń borí.

Ẹ̀yìn tí ilé wó ni ìwé náà dé ọwọ́ aráàlú, lórí WhatsApp àti Facebook. Ní ìlú tí nǹkan bá ti tò, ọjọ́ tí ẹnjiníà bá yọwọ́ nínú ilé alájà púpọ̀ ni iṣẹ́ yóò dúró fúnra rẹ̀, tí ẹ̀dà ìwé rẹ̀ yóò wà lórí tábìlì àjọ ìjọba, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lè da kọnkéré àjà tó kàn títí ẹnjiníà mìíràn yóò fi wá fi orúkọ àti òǹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ti yẹ gbogbo tìsàlẹ̀ wò. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì ni wọ́n kà á sí. Èmi ò ní kí ẹ dá ẹnjiníà nìkan lẹ́bi. Ó sọ̀rọ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ò ní ṣe.

Ìkìlọ̀ mìíràn tiẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀. Hamzat ṣàlàyé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà pé láàárín ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ LASBCA ṣàyẹ̀wò níbẹ̀, wọ́n rí ohun tí kò bójú mu, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ilé sì wó.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Bí àjọ ìjọba bá ti ilé pa l'Ékòó, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri tàbí kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì. Gbogbo ẹni tó ti kọ́lé rí mọ ohun tó kàn. Èèyàn á lọ sí ọ́fíìsì, á bẹ̀bẹ̀, á san owó ìtanràn, á mú rìsíìtì padà wá, wọ́n á ṣí i. Lójú onílé, gbèsè kan ni ilé títì jẹ́, téèyàn bá sì ti san gbèsè, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìjọba náà ń rówó níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn kan láàárín ọ̀nà náà ń rówó tiwọn. Òpó ilé ò mọ rìsíìtì. Kí wọ́n tó ṣí ilé tí àyẹ̀wò ti bá jà, ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni pé òpó wo ni wọ́n fún lágbára, àjà wo ni wọ́n yọ, ta ló tún un wò, ta ló fọwọ́ sí i. Níbi tí ilé títì bá ti di ọ̀nà owó, ìkìlọ̀ ò lè ṣiṣẹ́ ìkìlọ̀ mọ́. Ó ń wọlé ní ẹnu ọ̀nà, ó ń jáde ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí iye òkú.

Lọ́jọ́ tí ilé náà wó, kò sẹ́ni tó lè sọ iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹbí péjọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bínú pé àwọn tó yẹ kó wá dóòlà ẹ̀mí ò tètè dé, pé katapílà tó lè gbé kọnkéré ńláńlá ò sí nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló yá wọn ní àwọn ẹ̀rọ tó lágbára jù. Ìjọba wá ṣí ìwé síbẹ̀ kí àwọn tó ń wá èèyàn wọn lè kọ orúkọ sí i. Ẹ wò ó bó ṣe lọ: àwọn ìyá, ìyàwó àti àbúrò ló ń sọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ fún ìjọba, kàkà kí ó jẹ́ ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Àwọn òkú kan gba àyẹ̀wò DNA kí wọ́n tó lè dá wọn mọ̀.

Bí iṣẹ́ ìkọ́lé ṣe rí l'Ékòó nìyẹn, ní Ìkòyí bíi ti Ìkòròdú. Agbaṣẹ́ṣe á pe fọ́máànù, fọ́máànù á pe bíríkìlà, bíríkìlà á mú lébúrà tirẹ̀ wá. Ẹni tó wá láti Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó wá láti Kàtsínà wà níbẹ̀, àwọn bíríkìlà láti Kùtọnu àti Tógò tí ọwọ́ wọn mọ́ jù tiwa lọ náà wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbowó ojúmọ́. Kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò sí ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí láàárọ̀. Èyí kì í dun ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ tí ilé bá wó, nígbà náà la ó mọ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kan nígbà tó wà láàyè, ó ṣòro láti kà á nígbà tó bá kú. Ìdí tí 42 àti 46 fi ń bára wọn jà nìyẹn.

Òfin ò ṣàì sí nígbà náà o. Abala 64 nínú òfin ìbánigbófò (insurance) ti ọdún 2003, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ láì ra ìbánigbófò fún ewu tí àìbìkítà rẹ̀ lè fà. Ìyà tí òfin fi sí i ni ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn ₦250,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Lọ́dún 2021, ₦250,000 ò tó dọ́là 700. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúláàtì tí wọ́n ń pè ní mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó kọ òfin náà ronú dáadáa lórí ewu. Owó tó fi sí i ni àkókò ti jẹ run, kò sì sẹ́ni tó padà lọ tún un ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Owó tó ń náni láti rú òfin kò tó nǹkan mọ́ nígbà náà.

Gómìnà gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà kalẹ̀, ó fún wọn ní ọjọ́ 30. Tóyìn Àyìndé, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ètò ìlú lórílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, ni alága. Òun náà ti ṣe kọmíṣánnà fún ètò ìlú l'Ékòó rí, nígbà ìjọba Fáṣọlá. Mo mọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló yẹ kó wádìí iṣẹ́, mi ò sì fi ẹ̀sùn kankan kan àgbà náà. Síbẹ̀, ó hàn sí mi bí ilé ètò ìlú l'Ékòó ṣe kéré tó: ẹni tó ń wádìí, ẹni tí wọ́n ń wádìí, ẹni tí yóò ka ìwádìí náà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wọlé. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni wọ́n gbé ìwé ìwádìí fún gómìnà. Lọ́dún yẹn náà ni iṣẹ́ wíwó ilé méjì tó kù bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún mú kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún gbogbo wọn. Osibona ti kú. Òkú ò lè wá sílé ẹjọ́ wá sọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ẹni tó rí i tó dákẹ́, ẹni tó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀bi tó jẹ́ tirẹ̀ pọ̀, mi ò fẹ́ bù ú kù. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí bí ẹ̀bi àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kóra jọ sínú sàréè rẹ̀, tí olúkúlùkù ń fi tirẹ̀ kún un.

Wọ́n ti gbọ́ irú ìkìlọ̀ yìí ṣáájú. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue ní Ìkòtún wó, èèyàn 116 ló kú, àwọn ará South Africa ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ń fi àjà kún ilé náà lọ́wọ́ ni. Ìjọ náà ń tọ́ka sí ọkọ̀ òfuurufú kan tó kọjá lórí rẹ̀. Ìwádìí kọ́ọ̀nà, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn, ní ọdún 2015 sọ pé ilé náà fúnra rẹ̀ ni kò lágbára, kò sì ní ìwé àṣẹ. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí iléèwé àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó. Ó tó èèyàn 20 tó kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìjọba ti sàmì sí ilé yẹn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Àmì wà lára ògiri, ọmọ wà nínú kíláàsì. Olówó ni ti Ìkòyí, mẹ̀kúnnù ni ti Ìta Fàájì, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ìkìlọ̀ méjèèjì kú sí, láàárín ọwọ́ tó kọ ọ́ àti ọwọ́ tó yẹ kó ṣe é.

Òkì padà sí ipò rẹ̀ ní LASBCA. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní òpópónà Ìbàdàn, ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, èèyàn 10 sì kú. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé alájà méje tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní òpópónà Ọba Ìdòwú Oníru, kò jìnnà sí Ìkòyí. Lọ́jọ́ kejì, Idris Salako, kọmíṣánnà tó ń bójú tó ètò ìlú, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ìjọba ní ilé náà ò ní ìwé àṣẹ, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ti tì í pa kó tó wó.